Aláàbọ̀ Ara Ni Ọ̀gá Olùrànlọ́wọ́ Rẹ̀

Ọ̀pọ̀ nínú wa ni ó ní ọmọ tàbí àbúrò ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí ó ń ṣe iṣẹ́ ìtọ́jú aláàbọ̀ ara. Ó yẹ kí á mọ ètò kan tí ó wà níbẹ̀: káńsù lè fi owó ìtọ́jú lé aláàbọ̀ ara lọ́wọ́, kí òun fúnra rẹ̀ gba olùrànlọ́wọ́ sí iṣẹ́.

Kí ètò yìí tó dé, káńsù ni ó ń yan olùtọ́jú, òun náà ni ó ń dá àkókò. Ẹni tí ó fẹ́ jí kírun àsùbáà lè wà lórí ibùsùn títí di aago mẹ́wàá, nítorí ìgbà náà ni olùtọ́jú yóò dé. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980, John Evans àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní ilé ìtọ́jú Le Court, ní Hampshire, bẹ káńsù pé kí wọ́n kó owó náà fún àwọn, kí àwọn lè máa gbé nílé ara àwọn. Òfin rẹ̀ jáde ní 1996, ó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1997. Àwọn tí kò tíì pé ọdún 65 ni ó kọ́kọ́ wà fún; ní 2000 ni ó kan àwọn àgbà. Òfin ọdún 2014 ni England ń tẹ̀ lé báyìí.

Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá jẹ ọ̀gá gbọ́dọ̀ ṣe iṣẹ́ ọ̀gá.

Èkíní, owó. Àwa oníṣòwò mọ̀ pé owó ọjà kì í bá owó oúnjẹ gbé àpò kan. Owó ìtọ́jú gbọ́dọ̀ dá wà, kí rìsíìtì sì wà, nítorí káńsù yóò yẹ̀ ẹ́ wò.

Èkejì, àdéhùn. Láti ọjọ́ kìíní ni iṣẹ́, wákàtí àti owó oṣù ti gbọ́dọ̀ wà nínú ìwé. Ọ̀gá ni yóò rí i dájú pé òṣìṣẹ́ ní àṣẹ láti ṣiṣẹ́ ní ìlú náà.

Ẹ̀kẹta, ẹ̀tọ́ òṣìṣẹ́. Owó rẹ̀ kò gbọdọ̀ kéré sí iye tí òfin là sílẹ̀. Ó ní ìsinmi ọ̀sẹ̀ 5.6 lọ́dún, tòun ti owó. Ọ̀gá gbọ́dọ̀ ní ìnṣọ́ránsì tí òfin 1969 pa láṣẹ. Bí ìṣirò owó orí bá ṣòro, àwọn kan wà tí wọ́n ń bá ni ṣe é.

Ẹ̀kẹrin, ìbátan. Ọkọ, aya, tàbí ìbátan tímọ́tímọ́ tí ẹ jọ ń gbé kì í sábà gba owó yìí, àfi bí káńsù bá gbà pé ó di dandan.

Ẹ̀karùn-ún, arọ́pò. Ẹ wá ẹni kejì sílẹ̀ de ọjọ́ àìsàn.

Kókó ẹ̀kọ́ wa ni pé olùrànlọ́wọ́ ni ọwọ́ àti ẹsẹ̀. Aláàbọ̀ ara ni ó ń sọ ibi tí ẹsẹ̀ yóò gbà. Ẹ sọ fún àwọn ọmọ wa tí ó ń ṣe iṣẹ́ náà: kí wọ́n bèèrè kí wọ́n tó gbé ènìyàn dìde.