Ìtumọ̀ àti Ìlò Ọ̀rọ̀-Ìṣe Gẹ̀ẹ́sì “Weaken” Nínú Èdè Yorùbá

Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá ṣe alábàápàdé ọ̀rọ̀-ìṣe Gẹ̀ẹ́sì náà, “weaken”, ohun tí ó sábà máa ń kọ ni “di aláìlágbára”. Gbólóhùn náà kò lòdì sí gírámà, ṣùgbọ́n ó jìnnà sí bí Yorùbá ṣe ń sọ̀rọ̀. Ní ọjà èso Fìdítì, ní ojú ọ̀nà tí ó ti Ìbàdàn lọ sí Ọ̀yọ́, ta ni yóò wí pé ọ̀gẹ̀dẹ̀ òun ti di aláìlágbára? Ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí ó pọ́n jù a máa dẹ̀. Ẹ̀fọ́ tí oòrùn pa a máa rọ. Okùn ẹrù a máa dẹ̀, aṣọ tí a ta bo àtẹ a sì máa ṣá. Ohun tí ó ń pàdánù agbára ni ó ń yan ọ̀rọ̀-ìṣe tirẹ̀.

Ní ti ènìyàn, ọ̀rọ̀ gba àròjinlẹ̀. Nínú Gẹ̀ẹ́sì, ẹni tí okun rẹ̀ ń dín kù ni olùwà. Yorùbá a máa wí pé “ó rẹ̀ mí”: “ó” ni ó wà ní ipò olùwà, kò sì tọ́ka sí ẹnikẹ́ni, ẹni tí ó rẹ̀ ni àbọ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni “àárẹ̀ mú un”. Ẹni tí ó bá kọ “mo rẹ̀”, Gẹ̀ẹ́sì ni ó fi ronú. Bí ó bá sì jẹ́ pé nǹkan kan ni ó fa àárẹ̀ náà, “ibà tán an lókun” tàbí “ọ̀rọ̀ náà kó àárẹ̀ bá a” yóò yẹ ibẹ̀ ju “sọ ọ́ di aláìlágbára” lọ.

Ewu kan wà nínú “ó rẹ̀ mí”. Ẹni tí ó ti oko dé lè wí i. Aláìsàn náà lè wí i. Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá ń ṣe ògbufọ̀ fún àgbàlagbà ní ilé ìwòsàn, tí ó sì sọ fún dókítà pé iṣẹ́ ni ó mú un rẹ̀, àìsàn lè fara pamọ́ sábẹ́ ìtumọ̀ náà. Kí ó kọ́kọ́ béèrè: “Ìyá, ṣé àárẹ̀ iṣẹ́ ni, àbí ara yín ni kò yá?”

Àmì ohùn náà kò ṣeé fi ṣeré. Ẹsẹ̀ tí ó rọ ti pàdánù agbára. Èyí tí ó rọ́, ó yí ni. Èyí tí ó rọ̀, ó múlọ́ ni, bí ti ọmọ titun. Olùkọ́ tí ó bá kọ ọ̀rọ̀ yìí sí ojú pátákó láìfi àmì sí i ti fi akẹ́kọ̀ọ́ sílẹ̀ láàrin ìtumọ̀ mẹ́ta.