Ẹ̀kọ́ fún Ẹgbẹ́ Ìyá: Ẹrù Ìyá Òde Òní

Kíkà: Lúùkù 2:41–52

Ẹ̀yin ìyá nínú Olúwa, àti ẹ̀yin olùkọ́ pẹ̀lú, ọ̀rọ̀ kan wà lẹ́nu àwọn ènìyàn wa pé ọmọ tí ó bá dára ni ti baba, èyí tí kò bá dára ni ti ìyá. Àwa kò rí irú ìdájọ́ bẹ́ẹ̀ nínú Ìwé Mímọ́, ṣùgbọ́n a ń rí èso rẹ̀ ní Ilé-Ifẹ̀ lójoojúmọ́. Obìnrin a jí kí àkùkọ tó kọ, a sin ọmọ lọ sí ilé-ìwé, a kọjá sí ibi iṣẹ́ tàbí sí ìsọ̀ rẹ̀ ní ọjà. Nígbà tí ó bá sì padà dé ní alẹ́, ẹ̀rí-ọkàn rẹ̀ a máa dá a lẹ́bi, nítorí ọmọ ẹlòmíràn mọ̀wé ju tirẹ̀ lọ. Tẹlifóònù sì ti dé nísisìyí láti fi ọmọ gbogbo ayé hàn án, nínú aṣọ ọdún wọn nìkan.

Màríà rin ìrìn ọjọ́ kan gbáko kúrò ní Jerúsálẹ́mù kí ó tó mọ̀ pé Jésù kò sí nínú ẹgbẹ́ èrò. Ó ti rò pé ọmọ náà ń bá àwọn ìbátan àti ojúlùmọ̀ bọ̀. Ẹ kíyèsí i, kì í ṣe àìbìkítà. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni a ti ń tọ́ ọmọ rí ní agbo ilé Ifẹ̀: ìyá àgbà ń wẹ̀ ẹ́, ìyàwó ilé ń pọ̀n ọ́n, ẹni tí ó bí i sì ń rí àyè sinmi. Ọjọ́ kẹta ni wọ́n tó rí i nínú Tẹ́ḿpìlì, èsì tí ó fún wọn kò sì yé wọn. Síbẹ̀ ó bá wọn lọ sí Násárẹ́tì, ó sì tẹríba fún wọn. Ọlọ́run kò gba Ọmọ náà lọ́wọ́ ìyá yìí.

Kò jìnnà sí wa, ní Ìmẹ̀sí-Ilé, ni Dókítà David Morley ti Wesley Guild Hospital, Iléṣà, ti ṣe ìtọ́jú àwọn ọmọ tí kò tí ì pé ọdún 5, ní àwọn ọdún 1950. Ó ṣe káàdì kan tí ìyá ń mú lọ sí ilé, tí a ń sàmì ìwọ̀n ọmọ sí. Ìlà méjì ni a fà sórí rẹ̀, kì í ṣe ẹyọ kan, àyè sì wà láàárín wọn. Ohun tí nọ́ọ̀sì ń wò jùlọ ni bóyá ìlà ọmọ náà ń gòkè, kì í ṣe bóyá ó bá ti ọmọ aládùúgbò dọ́gba. Bí ó bá dúró, tàbí bí ó bá ń lọ sílẹ̀, a mọ̀ pé ìyá náà ń fẹ́ ìrànlọ́wọ́. Àwa ìbá fẹ́ kí ìjọ máa fi irú ojú bẹ́ẹ̀ wo ọmọ.

Ẹ̀yin ọ̀gá ilé-ìwé, ọ̀rọ̀ kù fún yín. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí ọmọ mu ọmú nìkan fún oṣù 6. Òfin Iṣẹ́ ilẹ̀ Nàìjíríà sì fún obìnrin tí ń ṣiṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ àti ilé òwò ní ìsinmi ọ̀sẹ̀ 12 péré, 6 ṣáájú ìbí, 6 lẹ́yìn rẹ̀. Báwo ni ìyá yóò ti pa méjèèjì mọ́? Òfin kan náà fún un ní ààbọ̀ wákàtí lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́ láti fún ọmọ lọ́mú. Kí ilé-ìwé ìjọ má ṣe fún olùkọ́ ní ohun tí ó kéré sí èyí, kí ó má sì jẹ́ pé yóò kúnlẹ̀ kí ó tó gbà á.

Ìbéèrè fún ìpàdé: Ta ni ó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ nínú ìjọ yín, tí ìyá rẹ̀ kò sí nítòsí? Ta ni yóò lọ bá a wẹ ọmọ, ní ọjọ́ wo?