Yíyan Ilé Ìtọ́jú fún Òbí Tó Ti Darúgbó

Ẹ̀KỌ́ FÚN ÌPÀDÉ ẸGBẸ́
Bíbélì kíkà: Marku 7:9–13, Johannu 19:25–27, 1 Timoteu 5:3–8



Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ gbé yẹ̀ wò yìí kò rọrùn láti sọ láàárín àwa Yorùbá. Àwọn àgbà ní bí òkété bá dàgbà, ọmú ọmọ rẹ̀ ní í mu. Nítorí náà, bí a bá gbọ́ pé arábìnrin kan mú ìyá rẹ̀ lọ sí ilé ìtọ́jú àgbà ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì níbí, ohun tí ó kọ́kọ́ ń jáde lẹ́nu wa ni pé, “Ó ti lọ ju ìyá rẹ̀ nù.” Ìbẹ̀rù ẹnu ayé yìí ni ó ń mú kí àwọn mìíràn ti ìlẹ̀kùn mọ́ ìyá arúgbó láti àárọ̀ di alẹ́, kí wọ́n lè lọ sí ibi iṣẹ́. Màmá lè ṣubú, ó lè tan iná ìdáná kí ó sì gbàgbé rẹ̀, kò sì sí ẹni tí yóò gbọ́ igbe rẹ̀. Ṣé ọlá ni èyí?

OHUN TÍ BÍBÉLÌ KỌ́ WA
Nínú Marku 7, Olúwa bá àwọn tí ń ya ohun ìní wọn sọ́tọ̀ fún Ọlọ́run wí, nítorí wọ́n fi ṣe àwáwí láti má ṣe tọ́jú òbí. Owó ìkórè àti aṣọ ẹgbẹ́ kò lè dípò ìtọ́jú òbí. Lórí àgbélébùú, Jésù fi ìyá rẹ̀ lé ọmọ-ẹ̀yìn kan lọ́wọ́. Ẹ kíyè sí i: kò lè fi ọwọ́ ara rẹ̀ tọ́jú rẹ̀ mọ́, síbẹ̀ kò fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ó mọ̀ dájú ni ó fi í lé lọ́wọ́.

ÀPẸẸRẸ NÍNÚ ÌJỌ WA
John Wesley ṣe méjèèjì. Ìyá rẹ̀, Susanna, gbé lọ́dọ̀ rẹ̀ ní Foundery ní Lọ́ńdọ̀nù títí ó fi sùn nínú Olúwa ní ọjọ́ 23 oṣù Keje, ọdún 1742. Wesley sì tún gba ilé kékeré méjì fún àwọn opó arúgbó, òun àti àwọn oníwàásù rẹ̀ sì ń bá wọn jẹ oúnjẹ kan náà lórí tábìlì kan náà. Ní ọdún 1943, àlùfáà Walter Hall dá Methodist Homes sílẹ̀ fún àwọn àgbà, èyí tí a mọ̀ sí MHA lónìí. Nítorí náà, ilé àgbà kì í ṣe ohun àjèjì sí ìjọ wa. Ohun tí ó yẹ kí a bi ara wa ni pé: irú ilé wo ni, ta ni yóò sì máa bá wọn jẹun?

OHUN TÍ Ó YẸ KÍ A ṢE
1. Kí a bá òbí wa sọ ọ́ nígbà tí ọpọlọ rẹ̀ ṣì jí pépé. Ìgbà náà nìkan ni ó lè fọwọ́ sí ìwé àṣẹ tí ó fi yan ẹni tí yóò máa dúró fún un nípa owó àti ìlera.

2. Kí a ké sí káńsù. Òfin ọdún 2014 ní England sọ pé kí káńsù yẹ àìní àgbàlagbà wò, ìbáà jẹ́ olówó tàbí tálákà. Ó lè jẹ́ pé olùtọ́jú tí ń wá sílé lẹ́ẹ̀mẹta lójúmọ́ ti tó.

3. Kí a mọ irú ilé tí a ń wá. Àwọn kan ń ran àgbà lọ́wọ́ láti wẹ̀, láti wọṣọ àti láti jẹun. Àwọn mìíràn ní nọ́ọ̀sì tọ̀sán-tòru fún ẹni tí àìsàn rẹ̀ le.

4. Kí a ṣírò owó. Láti ọdún 2010, ẹni tí ohun ìní rẹ̀ bá ju £23,250 lọ ní England ni ó ń san gbogbo owó náà fúnra rẹ̀. Bí kò bá tó £14,250, a kì í ka owó ìpamọ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n a ń ka owó ìfẹ̀yìntì rẹ̀. Bí ọkọ tàbí aya bá ṣì ń gbé inú ilé wọn, a kì í ka ilé náà. Òbí tí ìwé ìgbélùú rẹ̀ kò jẹ́ kí ó gba owó ìjọba, ọ̀rọ̀ tirẹ̀ yàtọ̀: kí a kọ́kọ́ lọ bá amòfin.

5. Kí a fi ojú ara wa wo ilé náà. Kí a ka ìròyìn CQC, àwọn tí ń bẹ ilé ìtọ́jú wò fún ìjọba. Lẹ́yìn náà, kí a lọ ní àkókò oúnjẹ. Ṣé òórùn ìtọ̀ pàdé wa lẹ́nu ọ̀nà? Ṣé wọ́n ń kanlẹ̀kùn kí wọ́n tó wọ yàrá? Púpọ̀ nínú wa ni ó ń ṣe iṣẹ́ yìí, a sì mọ bí òru ti ń rí. Ẹ bi wọ́n pé: òṣìṣẹ́ mélòó ni ó wà lórí iṣẹ́ ní aago mẹ́ta òru? Ta ni yóò di irun màmá, tí yóò sì fi òróró pa á lára? Ṣé a lè gbé ẹ̀kọ àti ọbẹ̀ wá? Ẹni tí àrùn ìgbàgbé bá mú lè pàdánù èdè Gẹ̀ẹ́sì kí ó kù ú ku Yorùbá. Bí ó bá ní òun fẹ́ omi, ta ni yóò gbọ́?

6. Kí a má ṣe dágbére. Kí a kọ orúkọ tí ó ń jẹ́, oríkì rẹ̀, orin ìsìn tí ó fẹ́ràn àti oúnjẹ tí kì í jẹ sórí ìwé kan, kí a lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri yàrá rẹ̀. Kí ẹgbẹ́ pín ara rẹ̀, kí arábìnrin kan máa lọ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Bí àlejò bá ń wọlé nígbà gbogbo, àwọn òṣìṣẹ́ yóò mọ̀ pé màmá ní ènìyàn.

ÌBÉÈRÈ FÚN ÌJÍRÒRÒ
(a) Ìyá tí a tì mọ́lé nìkan àti ìyá tí ó wà ní ilé ìtọ́jú tí à ń bẹ̀ wò, èwo ni a bọlá fún?
(b) Àwọn ìyá wo nínú ìjọ wa ni ó wà ní ilé ìtọ́jú báyìí? Ta ni ó lọ kí wọn kẹ́yìn?

ÀDÚRÀ
Olúwa, ìwọ tí o rántí ìyá rẹ nínú ìrora, fún wa ní ọgbọ́n láti yàn dáadáa, àti ẹsẹ̀ tí kì í rẹ̀ láti máa lọ wò wọ́n. Àmín.