"N ò fẹ́": Èwo nínú fẹ́ lò ń sọ?

Ọ̀rọ̀ kékeré kan ni mo fẹ́ ká jọ yẹ̀ wò lọ́tẹ̀ yìí. Ọ̀rọ̀ náà ni fẹ́. Ẹ wo gbólóhùn mẹ́ta yìí:

1. Mo fẹ́ omi.
2. Adé àti Bọ́lá fẹ́ràn ara wọn.
3. Bùrọ̀dá mi ti fẹ́ ìyàwó.

Fẹ́ àkọ́kọ́, ohun tí ọkàn ń wá ni. Ìkejì, ìfẹ́ ni. Ìkẹta, ìgbéyàwó ni. Nítorí náà, bí ẹnì kan bá ní "N ò fẹ́," ẹ bi í pé èwo ni kò fẹ́?

Ní họ́sítẹ́ẹ̀lì wa ńbí, gbogbo JS2 ló ń sọ pé àwọn ò fẹ́ ọ̀rọ̀ ìfẹ́ rárá. Wọ́n á ní ọ̀rọ̀ ọmọ tí kò fẹ́ kàwé ni. Ṣùgbọ́n tí wọ́n bá ti paná, tí ọ̀rẹ́ mi ṣí ìwé Haúsá rẹ̀, gbogbo wa á rọ́ sídìí tọ́ọ̀ṣì kan ṣoṣo. Ó ń kà á, ó sì ń túmọ̀ rẹ̀ fún èmi tí Haúsá mi ò tíì dán mọ́rán.

Ìwé soyayya là ń pe irú ìwé bẹ́ẹ̀. Ìfẹ́ ni ìtumọ̀ soyayya. Láti nǹkan bí ọdún 1980 sí 1990 ni wọ́n ti ń tà á gan-an ní ọjà Kano, àwọn obìnrin ló sì ń kọ púpọ̀ nínú rẹ̀. Àwọn kan ní ó ń ba ọmọbìnrin jẹ́. Ní ọdún 2007, wọ́n dáná sun ún ní iléèwé ọmọbìnrin kan ní Kano. Gómìnà wọn nígbà náà, Ibrahim Shekarau, ló ṣáájú.

Ọ̀kan nínú àwọn tó ń kọ ọ́ ni Balaraba Ramat Yakubu. Ọmọdé ni wọ́n ti fún un lọ́kọ. Nígbà tí ìgbéyàwó yẹn tú ká, ó lọ sí iléèwé àgbà, ó kọ́ ìwé. Ní ọdún 1990, ìwé rẹ̀ kan jáde tó ń jẹ́ Wa Zai Auri Jahila? Ìtumọ̀ rẹ̀ ni "Ta ni yóò fẹ́ obìnrin tí kò mọ̀wé?" Ẹ rí i, fẹ́ kẹta nìyẹn. Ọmọ ọdún mẹ́tàlá bíi tèmi gbọ́dọ̀ lè sọ "N ò fẹ́" sí fẹ́ yẹn, kí àgbà sì gbọ́.

"N ò fẹ́" tèmi yàtọ̀. Lálẹ́ ọjọ́ kan, matron ká ìwé náà mọ́ ọ̀rẹ́ mi lọ́wọ́. Wọ́n bi mí bóyá a jọ ń kà á ni. Mo ní, "Rárá mà, èmi ò fẹ́ ìwé ìfẹ́." Òun nìkan ló gé koríko fún ọjọ́ méjì. Kò já mi rí. Irọ́ ni mo pa, torí kí wọ́n má fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Mo ti bẹ̀ ẹ́, àmọ́ kò tíì dáhùn. Ẹ bá mi bẹ̀ ẹ́.

Iṣẹ́ ṣíṣe: Ẹ fi fẹ́ kọ gbólóhùn mẹ́ta, kí ẹ mú un wá sí ìpàdé. Kí ọ̀kan jẹ́ òótọ́ tí ẹ ò tíì sọ rí. Tèmi nìyí: Mo fẹ́ràn ìwé yẹn, mo sì fẹ́ mọ bó ṣe parí.