Ẹ̀KỌ́ OṢÙ YÌÍ: OWÓ ÌNÁ OJÚMỌ́ NÍ LOMÉ

Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ wa, bí ẹ bá ń lọ ra ọjà ní Lomé, ẹ má ṣe da owó ọjà pọ̀ mọ́ owó ìnáwó. Sẹ́fà kan náà ni wọ́n ń ná ní Kútọnu àti Lomé. Ẹ ṣẹ́ owó lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

Ká ní 75,000 sẹ́fà ni owó ìnáwó ọjọ́ 5. Ẹ kọ́kọ́ yọ 25,000 sọ́tọ̀ fún ọkọ̀ àbọ̀ àti àìròtẹ́lẹ̀. Ó ku 50,000, ìyẹn 10,000 lójúmọ́: ibùsùn 6,000, oúnjẹ 2,500, ọ̀kadà 1,500.

Ẹ máa kọ ọ́ sílẹ̀ lálaalẹ́. Bí ti òní bá lé, ẹ dín ti ọ̀la kù. Ẹ má fọwọ́ kan owó tí ẹ yá lọ́wọ́ ẹgbẹ́. Gbèsè kì í gbọ́ pé ebi ló pa ni.