Ìbẹ̀rù Ojú Ènìyàn

Ẹ̀KỌ́ BÍBÉLÌ FÚN ÌDÍLÉ
Bíbélì kíkà: Òwe 29:25, 1 Sámúẹ́lì 15:1–30, Gálátíà 2:11–14

Ẹ̀kọ́ wa lọ́tẹ̀ yìí dá lórí ohun kan tí ọ̀pọ̀ nínú wa kì í kà sí ẹ̀ṣẹ̀, nítorí pé ó máa ń wọ aṣọ ìwà rere. Òun ni kí ènìyàn máa sọ pé “ó dáa” fún gbogbo ẹni tí ó bá béèrè nǹkan lọ́wọ́ rẹ̀, tí kì í sì í ṣe ìfẹ́ ló ń mú un sọ ọ́, bí kò ṣe ẹ̀rù ohun tí wọn yóò sọ lẹ́yìn rẹ̀.

Wọ́n tọ́ wa dáadáa ní ilé. Wọ́n kọ́ wa pé ọmọlúàbí kì í fi ojú ẹbí gbolẹ̀, pé a kì í já àgbà kulẹ̀. A kò ní kí ẹnikẹ́ni sọ ẹ̀kọ́ ilé nù. Pọ́ọ̀lù pàápàá kọ̀wé sí àwọn ará Róòmù pé kí olúkúlùkù máa ṣe ohun tí ó dùn mọ́ ẹnìkejì rẹ̀, ṣùgbọ́n ó fi ààlà sí i: ó gbọ́dọ̀ jẹ́ fún ire ẹni náà, kí ó sì gbé e ró (Róòmù 15:2). Ẹni tí ó ní ìfẹ́ lè sọ bẹ́ẹ̀ ni, ó sì lè sọ bẹ́ẹ̀ kọ́. Ẹni tí ẹ̀rù ń bà, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló wà lẹ́nu rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a mú un wá sí Tallaght tí a ń gbé. Ká sọ pé ìyá ọlọ́mọ mẹ́ta kan ní Jobstown ń ṣe iṣẹ́ òru ní ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó. Ó wọlé ní àárọ̀, kò tíì sùn, fóònù dún láti Adó-Èkìtì: ẹ̀gbọ́n rẹ̀ fẹ́ sìnkú bàbá ìyàwó, owó sì kù. “Ó dáa, ẹ̀gbọ́n mi.” Ní ọ̀sán, ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní aṣọ ẹbí ìkómọ ti jáde. “Ó dáa.” Ní ìrọ̀lẹ́, ará ìjọ kan bẹ̀ ẹ́ pé kí ó wá ṣe onídùúró fún owó tí òun fẹ́ yá ní Credit Union. “Ó dáa.” Lẹ́ẹ̀mẹ́ta lóòjọ́, kò sì bi ara rẹ̀ léèrè lẹ́ẹ̀kan bóyá ó ní i.

Ta ni yóò san án? Ọmọ tí kò ní lè bá àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ síbi tí ilé-ìwé fẹ́ kó wọn lọ yóò san nínú rẹ̀. Ọkọ tí kò gbọ́ nǹkan kan nípa onídùúró yóò san nínú rẹ̀ ní ọjọ́ tí lẹ́tà bá dé, nítorí pé bí ẹni tí ó yá owó kò bá san, onídùúró ni wọn yóò yíjú sí. Nígbà tí ó bá yá, arábìnrin wa kò ní gbé fóònù mọ́. Ẹ̀gbọ́n ní Adó yóò máa retí owó, òun yóò sì máa sá fún ohùn ẹni tí ó fẹ́ràn. Bí ìbẹ̀rù ṣe ń sọ “ó dáa” di irọ́ nìyẹn, bẹ́ẹ̀ Olúwa wa sì ti ní kí bẹ́ẹ̀ ni wa jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni (Mátíù 5:37).

Wo Sọ́ọ̀lù. Ọba ni, kò sì sí ẹni tí ó ga tó o ní Ísírẹ́lì, síbẹ̀ ẹ̀rù àwọn tí ó ń jọba lé lórí bà á. Ó kọ́kọ́ sọ fún Sámúẹ́lì pé òun ti ṣe ohun tí Ọlọ́run wí. Nígbà tí igbe àgùntàn tú àṣírí rẹ̀, ó ní àwọn ènìyàn ló dá wọn sí, pé fún ẹbọ ni. Ó di ẹsẹ 24 kí òtítọ́ tó jáde: ó bẹ̀rù àwọn ènìyàn, ó sì gba ohùn wọn gbọ́. Èyí tí ó dùn wá jù wà ní ẹsẹ 30. Lẹ́yìn tí ó ti jẹ́wọ́, tí ó ti gbọ́ pé ìjọba ti bọ́ lọ́wọ́ òun, ohun tí ó tún bẹ Sámúẹ́lì fún ni pé kí ó bu ọlá fún òun níwájú àwọn àgbààgbà. Nínú ìrònúpìwàdà pàápàá, ojú ayé ló ń wò.

Kì í sì í ṣe aláìgbàgbọ́ nìkan ló ń bá jà. Pétérù ti ń bá àwọn Kèfèrí jẹun ní Áńtíókù, ṣùgbọ́n nígbà tí àwọn kan ti ọ̀dọ̀ Jákọ́bù dé, ó fà sẹ́yìn. Bánábà tí gbogbo ayé mọ̀ sí ẹni rere sì bá a lọ.

Ẹnìkan lè bi wá pé, báwo ni a ó ṣe wá kọ̀ láì dá ọ̀tá sílẹ̀? Àpẹẹrẹ kan wà nílẹ̀ yìí gan-an. Ní nǹkan bí ọdún 774, ọkùnrin Ọlọ́run kan tí ń jẹ́ Maelruain dá ilé àwọn ajẹ́jẹ̀ẹ́ sílẹ̀ ní Tallaght. Ó kú ní 792, ṣọ́ọ̀ṣì tí ó ń jẹ́ orúkọ rẹ̀ sì wà níbẹ̀ dòní. Àwọn ará ilé náà kọ ìtàn rẹ̀ sílẹ̀. Wọ́n ní Dublitir, olórí irú ilé bẹ́ẹ̀ ní Finglas, rọ̀ ọ́ pé kí ó jẹ́ kí àwọn ènìyàn rẹ̀ máa mu ọtí ní ọjọ́ ọdún ńlá. Ẹgbẹ́ rẹ̀ ni, iṣẹ́ kan náà ni wọ́n ń ṣe. Maelruain kọ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n sọ nípa Cornán afọnfèrè, ẹni tí Maelruain fẹ́ràn tí ó sì máa ń fi ẹ̀bùn ránṣẹ́ sí. Cornán fẹ́ fọn fèrè fún un. Ó ránṣẹ́ padà pé orin ọ̀run ni òun fi etí òun pamọ́ fún. (Ẹ̀yin akọrin, ẹ fọkàn balẹ̀, a kò ní orin burú.) Ẹ kíyè sí i pé ọwọ́ tí ó ń fi ẹ̀bùn ránṣẹ́ náà ló kọ̀. Cornán kò sì ní láti máa ro ohun tí ó wà lọ́kàn rẹ̀.

Àwa náà ní ọ̀rọ̀ tí a lè fi kọ̀ tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. “Ẹ má bínú, ẹ̀gbọ́n mi. Agbára mi kò gbé e. Ogún yúrò ni mo lè mú wá.” Kí a sọ ọ́ lójú ẹsẹ̀, kí ẹ̀gbọ́n lè wá a síbòmíràn. Kí ìyàwó má fi orúkọ ọkọ bojú, kí ọkọ má ṣe bẹ́ẹ̀ sí ìyàwó. Àwọn kan yóò bínú. Wọ́n lè ní o ti di Òyìnbó. Ọ̀rọ̀ náà yóò ta ọ́ lára, ṣùgbọ́n gbèsè ọdún mẹ́ta yóò ta ọ́ jù ú lọ. Ẹni tí ó bá sì ti tọwọ́ bọ ìwé onídùúró, kí ó ka Òwe 6:1–5: a ní kí ó rẹ ara rẹ̀ sílẹ̀, kí ó lọ bẹ ẹni náà, kí ó má sì sùn kí ó tó lọ.

Ọ̀rọ̀ kan wà fún àwa tí a ń darí ìjọ pẹ̀lú. Bí a bá ń pe orúkọ àti iye owó níwájú gbogbo ìjọ, ìtìjú ni a ń gba owó lọ́wọ́ rẹ̀, kì í ṣe ìgbàgbọ́. Pétérù sọ fún Ànáníyà pé tirẹ̀ ni ilẹ̀ náà, pé owó rẹ̀ sì wà ní ìkáwọ́ rẹ̀ lẹ́yìn tí ó tà á (Ìṣe 5:4). Kò sí ẹni tí ó fi agbára mú un. Bánábà ti mú tirẹ̀ wá ṣáájú, Ànáníyà sì fẹ́ irú ìyìn bẹ́ẹ̀.

Ní ilé lọ́sẹ̀ yìí, kí bàbá, ìyá àti àwọn ọmọ jọ ka 1 Sámúẹ́lì 15, kí ẹ sì ka iye ìgbà tí Sọ́ọ̀lù yí ọ̀rọ̀ rẹ̀ padà. Nígbà tí àwọn ọmọ bá sùn, kí tọkọtaya kọ gbogbo ìlérí tí ó wà lọ́rùn wọn sílẹ̀, kí wọ́n mọ èyí tí wọn yóò san àti èyí tí wọn yóò pe ẹni náà lé lórí kí ọjọ́ tó pé. Ẹ ka Nehemáyà 6 sílẹ̀ de ẹ̀kọ́ tí ó kàn: ẹ̀ẹ̀mẹrin ni wọ́n pè é wá sísàlẹ̀, ẹ̀ẹ̀mẹrin ló dá wọn lóhùn kan náà.