Wáyà Purínntà Ni Dùùrù Yín Ń Fẹ́, Kì í Ṣe Dùùrù Mìíràn

LẸ́TÀ: Ọmọbìnrin mi, ọmọ ọdún mọ́kànlá, fẹ́ràn dùùrù púpọ̀. Ẹ̀gbọ́n mi tó wà ní London fi dùùrù Yamaha P-45 ránṣẹ́ sí i nígbà ọdún Àjíǹde, ó sì fi tábúlẹ́ẹ̀tì Android kan tì í. Ó ní áàpù wà nínú rẹ̀ tí yóò máa kọ́ ọmọ náà, tí yóò sì máa sọ fún un tó bá ṣì í tẹ̀. Láti ìgbà náà ni a ti ń bá a yí. Mo ra wáyà olórí méjì, orí ńlá wọ ihò íápíìsì dùùrù, orí kékeré wọ ti tábúlẹ́ẹ̀tì. Dùùrù dákẹ́, áàpù náà kò sì dá wa lóhùn. A tan Bluetooth, a kò rí orúkọ dùùrù, fóònù àwọn ará ilé kejì ló ń jáde. Nígbà tí ọmọ so íápíìsì Bluetooth mọ́ tábúlẹ́ẹ̀tì tó ń tẹ dùùrù inú áàpù lójú gíláàsì, ó ní ohùn ń dé lẹ́yìn ìka òun. Ẹni tó ń ta ohun èlò orin wá ní kí a ta eléyìí, kí a fi owó lé e, kí a ra èyí tó ní Bluetooth. Owó tó ní ká fi lé e ju owó ilé-ìwé ọmọ náà fún sáà kan lọ. Kí ni kí n ṣe? Ẹ̀rù tún ń bà mí pé bóyá wáyà tí mo kì bọ̀ ọ́ ti bà á jẹ́.
Ìyá Olórin, Òṣogbo

ÌDÁHÙN: Ẹ̀yin ìyá wa, ẹ kú ọmọ títọ́. Ẹ má ta dùùrù yẹn, ẹ má sì fi kọ́bọ̀ kan lé e. Ohun tó kù tí ẹ máa rà kò ju wáyà kan àti adápítọ̀ kékeré kan lọ, ẹ ó sì rí méjèèjì lọ́dọ̀ àwọn tó ń ta ohun èlò kọ̀ǹpútà, láìjẹ́ pé ẹ tún wọ ṣọ́ọ̀bù ohun èlò orin.

Ní ti ẹ̀rù tó ń bà yín, ẹ yọ wáyà yẹn, ẹ tan dùùrù, ẹ tẹ̀ ẹ́. Tó bá dún nínú sípíkà ara rẹ̀, ara rẹ̀ le. Ìdí tó fi dákẹ́ lọ́jọ́ náà ni pé gbogbo ìgbà tí nǹkan bá ti wọ ihò íápíìsì ni sípíkà máa ń pa ẹnu mọ́. Bí wọ́n ṣe ṣe é nìyẹn, kí ọmọ lè fi íápíìsì kọ́ iṣẹ́ rẹ̀ lóru láìjí ará ilé.

Mo fẹ́ kí ẹ mọ ìdí tí wáyà náà kò fi ṣiṣẹ́, torí ibẹ̀ gan-an ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń náwó dànù. Ohun tó ń gba ihò íápíìsì jáde, ohùn ni. Ohun tí áàpù ń retí látọ̀dọ̀ dùùrù ni kó jẹ́ iṣẹ́ fún òun: kíì wo ni ọmọ tẹ̀, báwo ló ṣe tẹ̀ ẹ́ le tó, ìgbà wo ló gbé ìka kúrò níbẹ̀. Èdè tí dùùrù fi ń jẹ́ iṣẹ́ yìí ló ń jẹ́ MIDI. Ẹ ronú sí ìwé sol-fa tí ọ̀gá kọ́ọ̀yà máa ń pín fún yín ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ìwé náà kò lóhùn. Ó kàn sọ pé ibí yìí ni d, ibí yìí ni m, ẹ fà á, ẹ rọra kọ ọ́. Ẹni tó gbà á ló máa fi ọ̀fun ara rẹ̀ kọ ọ́. Irú ìwé bẹ́ẹ̀ ni MIDI ń rán lọ láti ìṣẹ́jú àáyá dé ìṣẹ́jú àáyá, àfi pé nọ́ńbà ló fi kọ ọ́. Kíì tó kángun sí ọwọ́ òsì pátápátá lórí dùùrù ọmọ yín ń jẹ́ 21, èyí tó kángun sí ọwọ́ ọ̀tún ń jẹ́ 108, C àárín ń jẹ́ 60. Agbára ìka bẹ̀rẹ̀ láti 1 títí dé 127. Nígbà tí ọmọ bá rọra tẹ C àárín, tábúlẹ́ẹ̀tì lè gbọ́ “60, 35”. Tó bá fi ìbínú lù ú, ó lè gbọ́ “60, 118”. Kò sí ibi tí ohùn ti wọ ọ̀rọ̀ náà rárá. Ẹ wá rí i pé bí ẹ bá tilẹ̀ ra wáyà íápíìsì tó dára jù lágbàáyé, áàpù kò ní rí iṣẹ́ kankan gbà níbẹ̀.

Èdè gbogbo ayé ni MIDI. Kó tó di 1983, ẹ̀rọ orin ilé-iṣẹ́ kan kì í sábà gbọ́ ti èkejì. Dave Smith, ará Amẹ́ríkà tó dá Sequential Circuits sílẹ̀, àti Ikutaro Kakehashi, ará Japan tó dá Roland sílẹ̀, ló ṣaájú àwọn tó jókòó láti wá èdè kan fún gbogbo wọn. Ní oṣù kìíní ọdún 1983, níbi ìpàtẹ ohun èlò orin NAMM ní California, wọ́n so Prophet-600 ti Smith mọ́ Jupiter-6 ti Roland, àwọn méjèèjì sì gbọ́ ara wọn yé. Wọn kò gba owó lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni tó fẹ́ lò ó. Ní 2013 ni wọ́n fún Smith àti Kakehashi ní ẹ̀bùn Grammy fún iṣẹ́ náà. P-45 ọmọ yín jáde ní 2015, èdè yẹn náà ló ń sọ. Nítorí náà, bí ẹnikẹ́ni bá tún sọ fún yín pé àfi tábúlẹ́ẹ̀tì olówó ńlá, tàbí àfi áàpù ilé-iṣẹ́ tó ṣe dùùrù, ẹ má gbọ́.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká ra nǹkan. Ẹ wo ẹ̀yìn dùùrù. Ẹ ó rí ihò kan tó fẹ́rẹ̀ẹ́ ní igun mẹ́rin dọ́gba, tí wọ́n kọ USB TO HOST sí. Ihò yìí àti èyí tó wà lẹ́yìn purínntà, ọ̀kan náà ni. Tí ẹ bá dé ọjà, ẹ má sọ pé wáyà dùùrù lẹ ń wá, kí wọ́n má baà bu owó olórin lé e. Ẹ ní kí wọ́n fún yín ní wáyà purínntà, mítà kan ààbọ̀ sí méjì.

Orí kejì wáyà náà fẹ̀ ju ihò ṣájà tábúlẹ́ẹ̀tì lọ. Adápítọ̀ tí wọ́n ń pè ní OTG ló máa so wọ́n pọ̀. Ẹ gbé tábúlẹ́ẹ̀tì dání lọ, nítorí ẹnu OTG yàtọ̀ síra: micro-USB ni ọ̀pọ̀ tábúlẹ́ẹ̀tì àtijọ́ ń lò, USB-C ni ti àwọn tuntun. Kí ẹ tó sanwó, ẹ bẹ olùtajà kó fi máòsì kọ̀ǹpútà sẹ́nu OTG, kó sì kì í bọ tábúlẹ́ẹ̀tì. Tí ọfà kékeré bá yọ lójú gíláàsì, tó ń rìn bí ẹ ti ń yí máòsì, tábúlẹ́ẹ̀tì yín gba OTG, ẹ sanwó pẹ̀lú ìfọ̀kànbalẹ̀. Tí ọfà kò bá yọ, ẹ ní kó gbé OTG mìíràn wá, torí ayédèrú pọ̀ nílẹ̀. Tí èkejì náà bá kọ̀, tábúlẹ́ẹ̀tì ni kò gbà á, ẹ má ra nǹkan kan. Níbi tí ẹ dúró sí yẹn, ẹ wo inú Settings bóyá Android rẹ̀ jẹ́ 6 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Láti Android 6, tó jáde ní 2015, ni Google ti fi MIDI sínú ètò rẹ̀.

Nílé, ẹ so wáyà, ẹ tan dùùrù, kí ẹ tó wá ṣí áàpù. Bí ẹ bá ti ṣí áàpù tẹ́lẹ̀, ẹ pa á pátápátá kí ẹ tún un ṣí, torí ìgbà tí àwọn áàpù kan bá ń ṣí nìkan ni wọ́n ń wò ó bóyá dùùrù wà nítòsí. Tábúlẹ́ẹ̀tì lè béèrè bóyá kí áàpù lo ẹ̀rọ USB náà, ẹ gbà fún un. Lẹ́yìn náà, ẹ wá ibi tí wọ́n kọ MIDI sí nínú ètò áàpù, kí ẹ yàn án dípò máìkì. Tí ọmọ bá tẹ kíì kan, tí ti inú gíláàsì sì mì pẹ̀lú rẹ̀ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, ó ti parí.

Títí ẹ ó fi ra wáyà, ọ̀pọ̀ áàpù ìkọ́ni, bíi Simply Piano àti flowkey, lè fi máìkì tábúlẹ́ẹ̀tì gbọ́ dùùrù láìsí wáyà kankan. Ẹ gbé e sórí dùùrù, ẹ yí ohùn dùùrù sókè díẹ̀. Ṣùgbọ́n máìkì ń gbọ́ gbogbo ohun tó wà nílé. Jẹnẹrétọ̀ ìta, fáànù, òjò lórí páànù, àbúrò tó ń sunkún, gbogbo rẹ̀ ló ń bá dùùrù wọlé, áàpù á wá máa sọ pé ọmọ ṣìṣe nígbà tí kò ṣìṣe. Èyí ń dun àwọn ọmọ gan-an. Ọmọ tó tẹ̀ ẹ́ dáadáa, tí wọ́n tún sọ fún un pé kò tẹ̀ ẹ́ dáadáa, yóò pẹ́ kó tó gba ara rẹ̀ gbọ́. Nítorí èyí nìkan, wáyà náà yẹ fún owó tí ẹ máa fi rà á.

Ọ̀rọ̀ ohùn tó ń dé lẹ́yìn ìka, íápíìsì Bluetooth ló fà á. Kí ohùn tó gba afẹ́fẹ́ dé etí, wọ́n ní láti dì í, kí wọ́n fi ránṣẹ́, kí wọ́n tún un tú. Àkókò tí èyí ń gbà lè tó ìdámẹ́wàá ìṣẹ́jú àáyá tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹni tó ń wo fíìmù kò ní mọ̀. Ẹni tó ń lu dùùrù kò lè fara dà á. Kí ọmọ yín lo íápíìsì oníwáyà, kó sì kì í bọ dùùrù. Ohùn dùùrù fúnra rẹ̀ ló máa gbọ́, kò sì ní pẹ́ rárá. P-45 kò ní ihò tí ohùn tábúlẹ́ẹ̀tì lè gbà wọlé, nítorí náà sípíkà tábúlẹ́ẹ̀tì ni ohùn áàpù yóò ti máa jáde. Tí ẹ bá gbọ́ tí kíì kan ń dún lẹ́ẹ̀mejì, dùùrù àti áàpù jọ ń kọ ìwé sol-fa kan náà ni. Ẹ pa ohùn píánò inú áàpù, kí ẹ fi ti dùùrù sílẹ̀, òun ló dùn jù.

Bluetooth tí olùtajà ń polówó ńkọ́? Oríṣi méjì ló wà, àwọn tó ń tà á kì í sì í sábà sọ èyí tó jẹ́. Ọ̀kan ń gbé ohùn, èkejì ń jẹ́ iṣẹ́ MIDI. Casio PX-S1000 ní Bluetooth lóòótọ́, àmọ́ ti ohùn nìkan ni: orin inú fóònù lè dún nínú sípíkà rẹ̀. Ká ní ẹ ta P-45 tí ẹ rà á, wáyà purínntà náà lẹ máa padà wá rà. Roland FP-30X ní oríṣi méjèèjì, dùùrù tó dára ni. Síbẹ̀, èmi ò rí ìdí tí ọmọ ọdún mọ́kànlá tó ń bẹ̀rẹ̀ fi nílò rẹ̀ nígbà tí èyí tó ní kíì 88, tó wúwo lábẹ́ ìka bíi ti píánò gidi, ti wà nílé.

Ìṣòro kan wà tí mo fẹ́ kí ẹ múra dè. Tí OTG bá wà nínú ihò ṣájà, kò sí àyè fún ṣájà. Ẹ rí i pé tábúlẹ́ẹ̀tì kún dáadáa kí ẹ̀kọ́ tó bẹ̀rẹ̀. P-45 kò ní bátìrì, tí iná bá lọ yóò kú, áàpù á sì sọ pé dùùrù ti sọnù. Tí iná bá dé, ẹ tún áàpù ṣí.

Ẹ̀yin òǹkàwé tó ń lo iPad, ọ̀nà kan náà ni. Èyí tó ní USB-C ń gba wáyà purínntà pẹ̀lú adápítọ̀ USB-C. Èyí tó ní Lightning nílò adápítọ̀ kámẹ́rà tí Apple ń tà. Ẹ ra èyí tó ní ihò ṣájà lẹ́gbẹ̀ẹ́, ẹ ó bọ́ lọ́wọ́ ìṣòro tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ yìí.

Ìyá Olórin, ohun kan wà tí wáyà yìí kò lè ṣe, mo sì ń bẹ̀ yín kí ẹ fọkàn sí i. MIDI mọ kíì tí wọ́n tẹ̀, kò mọ ìka tó tẹ̀ ẹ́. Ọmọ yín lè fi ìka kan ṣoṣo fo káàkiri, kó ká ọrùn ọwọ́ kò, kó gbé èjìká sókè, áàpù á ṣì fún un ní ìràwọ̀ mẹ́ta. Nígbà tí orin bá wá le, ọwọ́ tó ti mọ́ ọn lára yẹn kò ní gbé e. Ẹ wá ẹni tó ń lu dùùrù ní ṣọ́ọ̀ṣì yín, kó máa jókòó tì í lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, bí kò tilẹ̀ ju ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lọ. Kí ó máa wo ọwọ́ rẹ̀, kó sì máa fi orin ìwé orin ṣọ́ọ̀ṣì kọ́ ọ pẹ̀lú, torí àwọn orin tí ọmọ náà ń gbọ́ láti kékeré ló máa yá a lára jù. Áàpù á máa bójú tó ìyókù ọ̀sẹ̀, ìyẹn sì ni kíì tó tọ̀nà àti àkókò tó pé.

Tí ọfà máòsì bá kọ̀ tí kò yọ lórí tábúlẹ́ẹ̀tì náà, ẹ da orúkọ àti nọ́ńbà tó wà lẹ́yìn rẹ̀ kọ, kí ẹ fi ránṣẹ́ sí mi kí ẹ tó ra òmíràn. Ẹ bá mi kí ọmọ.